Kò Nà Án Rí

Ìjẹgàba nínú ilé ti di ọ̀ràn lábẹ́ òfin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọdún 2017. Kí ló dé tí ojú wa kò fi tíì rí i?

Ní ọdún 2019, mo ń gbé inú ilé kan tí kò jìnnà sí abẹ́ bíríìjì Sàngó, ní Sàngó-Ọ̀tà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, ilẹ̀kùn márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ará ilé kì í gbọ́. A mọ ẹni tó jẹ gbèsè owó iná, a mọ ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná, a sì mọ ọkọ tí ń na aya rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi gbà pé tọkọtaya tó wà ní yàrá kẹta ni ilé wọn tòrò jù lọ. A kì í gbọ́ ariwo níbẹ̀.

Ìyàwó, tí mo máa ń pè ní Àǹtí nítorí pé ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdírókò, níbi tí wọ́n ti ń to ọjà sínú páálí. Wákàtí méjìlá ló ń fi dúró lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, kì í mutí, kì í pariwo, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí onílé wa láràárọ̀. Òun ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé aya rẹ̀ dé ẹnu géètì iléeṣẹ́ ní òwúrọ̀, òun náà ló sì ń dúró dè é níbẹ̀ bí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Àwa obìnrin ilé a máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọkọ àti àfẹ́sọ́nà wa. A ó ní, "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ ìyàwó?"

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí kan ilẹ̀kùn mi jẹ́jẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yá òun lówó tí òun yóò fi ra páàdì. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni, nítorí pé kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí iléeṣẹ́ wọn sanwó oṣù. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní káàdì ATM òun ti wà lọ́wọ́ ọkọ òun láti ọdún kejì ìgbéyàwó àwọn, pé inú fóònù ọkọ òun ni àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù òun ń wọ̀, àti pé bí òun bá fẹ́ náwó, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí òun fẹ́ rà, kí òun sì mú ṣéńjì padà wá. Lóṣù yẹn, ọkọ òun ń bínú sí òun. Kò fún òun ní kọ́bọ̀.

Bí ó ṣe jókòó sórí ibùsùn mi nìyẹn, tí gbogbo ohun tí a ti ń fi ojú rí bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọ̀kadà tí ń gbé e lọ, tí ń gbé e bọ̀, wà níbẹ̀ kí ó má baà bá ẹnikẹ́ni rìn. Ní ọjọ́ tí ọkọ kò bá lè wá, Àǹtí gbọ́dọ̀ pè é lórí fídíò láti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ó sì yí fóònù kiri láti fi àwọn tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ hàn án. Bí a bá bá a níta lórí àpótí ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó ní atẹ́gùn lòun ń gbà, ó ti fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ wọlé ni, wọ́n sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú. Kò lọ síbi ìsìnkú, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ ní ìkọkúkọ.

Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń tijú rẹ̀ títí di òní. Mo ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń nà yín ni?"

Ó ní rárá. Mo sì mí kanlẹ̀, mo ní, "Ọlọ́run ṣeun."

"Níbo ni wọ́n ti ṣe yín léṣe?"

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Àǹtí gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ náà síta. Ó kọ́kọ́ tọ onílé wa àti ìyàwó rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń nà án. Ó ní rárá. Wọ́n ní kí ó máa dúpẹ́, pé ọ̀pọ̀ obìnrin ní àdúgbò ni ojú wọn ń wú láràárọ̀. Ó tọ ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ lọ, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì ní kí ó túbọ̀ máa tẹrí ba. Níkẹyìn, ó yọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá lẹ́yìn káńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdajì, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Madam, níbo ni wọ́n ti ṣe yín léṣe?"

Kò ní àpá kankan láti fi hàn. Ọlọ́pàá náà ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí ó lọ yanjú rẹ̀ nílé. Ó padà sí ibi iṣẹ́ kí agogo tó lù.

N kò sọ èyí láti dá ọlọ́pàá yẹn nìkan lẹ́bi. Ìbéèrè tí èmi náà bi í lálẹ́ ọjọ́sí ni ọlọ́pàá náà bi í. Bí wọ́n bá ti ń dárúkọ ìwà ipá nínú ilé, ẹ̀jẹ̀ ni ojú wa máa ń wá. Bí a kò bá ti rí ẹ̀jẹ̀, a ó ní àlàáfíà ni. Ohun tí kò sì sí ẹni tó sọ fún Àǹtí nínú gbogbo wa ni pé, ní ọjọ́ tó dúró níwájú káńtà náà, òfin tó dárúkọ ohun tí ń ṣe é ti wà nílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fún bí ọdún méjì.

Ohun tí òfin sọ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ìṣàkóso Ààrẹ Goodluck Jonathan ń parí lọ, òfin kan jáde tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí VAPP. Nítorí pé Abuja, olú-ìlú wa, nìkan ni òfin àpapọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017, nígbà ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun. Àwọn aládùúgbò wa kan ti ṣáájú: Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ní ọdún 2007, Èkìtì sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011.

Ẹni tó bá ka VAPP yóò rí i pé òfin náà kò dúró sórí lílù nìkan. Abala 10 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi òmìnira du ẹlòmíràn láìjẹ́ pé kóòtù pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ti dáràn. Abala 12 sọ̀rọ̀ lórí fífi owó de ènìyàn mọ́lẹ̀: kí a sọ ọ́ di dandan fún un láti máa wojú ẹlòmíràn kí ó tó jẹun, tàbí kí a gba ohun ìní tó tọ́ sí i lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà ló gùn jù nínú ìjìyà rẹ̀, tàbí méjèèjì pọ̀. Abala 13 dá lórí fífi ipá ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí 100,000 náírà ló wà fún ìyẹn. Abala 14 dá lórí fífi ọ̀rọ̀ àti ìwà fìyà jẹ ọkàn ènìyàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí 200,000 náírà ni ìjìyà rẹ̀.

Ibi tí òfin yìí ti túmọ̀ ìfìyàjẹ ọkàn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ka èébú àtìgbàdégbà mọ́ ọn, ó ka ìhàlẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa: kí ènìyàn máa ṣe ẹnì kejì rẹ̀ bí ẹni pé ohun ìní òun ni, léraléra, títí tí kò fi ní àṣírí tàbí òmìnira tirẹ̀ mọ́. Owú àjẹjù nìyẹn ní èdè wa. A ti fi owú ṣe àmì ìfẹ́ nínú orin àti nínú eré. Òfin ilẹ̀ wa ní bí owú bá ti kọjá ibì kan, ọ̀ràn ni.

Òfin náà kò sì sọ pé obìnrin nìkan ni. "Ẹnikẹ́ni" ni ọ̀rọ̀ tó lò. Ọkùnrin tí aya rẹ̀ gba owó oṣù rẹ̀, tó ka ìyá rẹ̀ léèwọ̀ fún un, tí ń halẹ̀ mọ́ ọn lójoojúmọ́ pé òun yóò kó ọmọ lọ, òfin yìí kan náà ni tirẹ̀.

Ọ̀ràn tó wà káàkiri ayé

Kì í ṣe àwa nìkan la ń kọ́ bí a ó ṣe rí ohun tí kò ní àpá. Ní ọdún 2007, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Evan Stark, tẹ ìwé jáde tó yí bí àwọn aṣòfin ṣe ń rò ó padà. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìjẹgàba dà bí ìgbèkùn: kì í ṣe ìwà kan lọ́jọ́ kan, àkójọpọ̀ òfin kéékèèké ni ẹnì kan ń ṣe fún ẹnì kejì títí ayé onítọ̀hún yóò fi dín kù sí ìwọ̀n yàrá kan. Bí a bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ohun tí a ń pariwo. Ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun gba ṣéńjì? Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ ni a ó tó rí okùn náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales sọ ọ́ di ọ̀ràn ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Scotland tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ẹ̀wọ̀n tiwọn sì lè tó ọdún 14. Ireland bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019 kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́ láti bá àfẹ́sọ́nà lọ sí London tàbí Manchester, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí ẹ gbà ní Sàngó bíi "ọ̀rọ̀ inú ilé" lè gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí a mọ̀ láàárín òfin tiwọn àti tiwa. Òfin tiwa gé ìjẹgàba sí wẹ́wẹ́: owó ní abala tirẹ̀, ìyàsọ́tọ̀ ní tirẹ̀, èébú ní tirẹ̀. Òfin tiwọn kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ó ní kí adájọ́ wo bí ìwà náà ṣe ń wáyé léraléra àti ohun tó sọ ìgbésí ayé ẹni tí a ń ṣe é sí dà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣáájú wa. Ẹ gba káàdì ATM Àǹtí lọ́tọ̀, ẹ gba fídíò inú ọkọ̀ lọ́tọ̀, ẹ gba ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ́tọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwíjàre tirẹ̀. Ẹ kó wọn jọ, ẹ ó rí obìnrin tó wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibi tí kò bá ti sí lílù, kò sí ewu. Ní Brisbane, ní Australia, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hannah Clarke fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ọkùnrin náà ti ń pàṣẹ lórí aṣọ tó ń wọ̀, ọ̀rẹ́ tó ń yàn àti ibi tó ń lọ. Lílù kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìtàn wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ọkùnrin náà pa á pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Àwọn òbí Hannah ló gbé ìjà náà rù, títí tí ìpínlẹ̀ Queensland fi sọ ìjẹgàba di ọ̀ràn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Ní ilẹ̀ wa níbí, a kò ní gbàgbé Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹ̀sùn 23 ni ìjọba fi kan ọkọ rẹ̀ ní Abuja. Yàtọ̀ sí ìpànìyàn, ìhàlẹ̀ àti ìwà ìkà sí àwọn ọmọ wà lára wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, adájọ́ dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un. Ohun tó yẹ kí ó dun olúkúlùkù wa ni pé obìnrin náà ti kú kí ẹ̀sùn wọ̀nyí tó dé iwájú adájọ́. Òfin tó dárúkọ ìhàlẹ̀ ti wà ní Abuja fún bí ọdún méje kí ó tó kú.

Ṣé àṣà wa ni?

Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn àgbà, wọ́n a ní òfin òyìnbó ni, pé àṣà wa fi aya sábẹ́ ọkọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àṣà tí mo mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìyàwó Yorùbá ní owó tirẹ̀. Ọkọ ló sábà máa ń wá owó tí ìyàwó tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n èrè òwò náà, ti ìyàwó ni. Ọkọ tó bá nílò rẹ̀, yíyá ni yóò yá a. Bí ìyàwó bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀, kì í ṣe ọkọ. Bákan náà, ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ kò kúrò ní ọmọ ilé bàbá rẹ̀. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àna kí ó tó gba ìyàwó, ìdọ̀bálẹ̀ náà kò sì tán lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ tó bá ní kí aya òun má lọ síbi òkú bàbá rẹ̀, agbo ilé kan gbáko ló ń pè níjà.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára tán. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dá kóòtù sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá ibẹ̀ láti kọ ọkọ sílẹ̀. Ẹni tí ilé bá tù lára kì í dúró lórí ìlà níwájú akọ̀wé kóòtù. Ṣùgbọ́n ìjánu wà lẹ́nu ọkọ nígbà náà, ẹbí ló sì di ìjánu náà mú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìjánu yẹn ní Sàngó-Ọ̀tà? Ọ̀tà gan-an jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, ìlú Ọlọ́tà, ìlú tó ti wà tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó tò sójú ọ̀nà Ìdírókò àti àwọn tó wà ní Àgbárá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kan náà, ti kó ènìyàn jọ láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti láti òkè ọya. Àwọn tí owó ilé Èkó ti ju agbára wọn lọ tún wá kún wọn. Tọkọtaya a yá yàrá kan láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀. Ìyá ọkọ wà ní Ìṣẹ́yìn, bàbá ìyàwó wà ní Ìkirè. Kò sí ẹni tí yóò bi ọkọ pé, "Kí ló dé tí a kò rí ọmọ wa láti ọdún?" Owó tí ìyàwó ń rí kì í sì í ṣe owó ọjà mọ́, tó lè ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró. Inú báńkì ló ń wọ̀, káàdì kan àti nọ́ńbà mẹ́rin sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mú káàdì náà ti mú iṣẹ́ oṣù kan.

Nítorí náà, n kò rí òfin yìí bí àlejò. Níbi tí apá ẹbí kò bá tó, ohun kan gbọ́dọ̀ dúró ní ipò ẹbí.

Àwọn tí ẹ̀rù òfin náà ń bà

Ẹ̀rù kan wà tó tọ́. Àwọn kan bẹ̀rù pé ìjọba yóò wọ inú yàrá, pé ìyàwó tó bínú lánàá yóò fi ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n lónìí. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló jọ ń ná owó láti inú àpò kan tí ẹnì kan ń mójú tó, tí ọkàn wọn sì balẹ̀. Òfin kò bá irú wọn jà. Ìbéèrè tí mo máa ń lò láti fi mọ ìyàtọ̀ kò le: ṣé ẹnì kejì lè sọ pé rárá, kí ó sì sùn ní àlàáfíà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Bí ó bá lè sọ ọ́, àdéhùn ni. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìgbèkùn ni.

Ẹ̀rù kejì ni ti àwọn obìnrin fúnra wọn. Àǹtí sọ fún mi pé òun kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ òun lọ sẹ́wọ̀n, pé òun kàn fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró ni. Àwọn Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́ ni ohun tó wà nínú òfin. Àṣẹ ààbò wà níbẹ̀, tí kóòtù lè fi pa á láṣẹ fún ẹnì kan pé kí ó má ṣe halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì, kí ó má sì sún mọ́ ọn. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá lè dá lọ, ọlọ́pàá, olùkọ́, oníṣègùn tàbí òṣìṣẹ́ ìgbé-ayé-rere lè bá a bèèrè rẹ̀, bí ó bá ti fọwọ́ sí i.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi dandan gba nọ́ńbà àṣírí fóònù yín, tó ń ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi pẹ́, tí kò sí ọ̀rẹ́ yín kan tó dára lójú rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìgbéyàwó yóò tù ú lára. Igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, àkókò, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n ṣe. Kí ó tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ibi tí ẹnì kejì kò ti lè rí wọn. Ọ̀ràn tó jẹ́ àkójọpọ̀ ohun kéékèèké, àkọsílẹ̀ ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ó má sì ṣe jẹ́ kí gbogbo ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n kan tàbí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ kan tó mọ òtítọ́ náà ti tó ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e padà lẹ́nu káńtà àkọ́kọ́, kí ó má jẹ́ kí ó parí síbẹ̀: iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin wà ní Òkè-Mósàn, ní Abẹ́òkúta, FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, máa ń gba irú ẹjọ́ yìí, Legal Aid Council sì wà fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Kí ó dákẹ́ nípa ọjọ́ tí òun yóò lọ, nítorí pé àsìkò ìlọ ni àsìkò tí ewu pọ̀ jù.

Àwa ará ilé ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kòkòrò ti yàrá kẹta kò ní hẹ̀rẹ̀huru, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi sùn. Ìbéèrè wa ló yẹ kí ó yí padà. Kí a yé bi ènìyàn pé, "Ṣé ó ń nà ọ́?" Kí a máa bi í pé, "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́? Ta ló mú káàdì rẹ lọ́wọ́? Ìgbà wo lo rí ìyá rẹ gbẹ̀yìn?"

Ní ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó yẹ kí wọ́n tún òfin 2017 gbé wò, kí wọ́n so àwọn abala tó wà ní wẹ́wẹ́ pọ̀ di ẹ̀sùn kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn káńtà ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Òfin tí ọlọ́pàá kò mọ̀, ìwé lásán ni.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Àǹtí já sí. Kò sí ẹni tó mú ọkọ rẹ̀, kò sí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ báńkì, ó ní káàdì òun ti sọnù, ó gba òmíràn, ó sì yí nọ́ńbà tí àlẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dé pẹ̀lú bàbá àgbà kan láti ìlú wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ní àwọn wá mú ọmọ àwọn lọ kí ó lọ wo sàréè bàbá rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, bí ìṣe rẹ̀. Àǹtí àti àwọn ọmọ bá wọn lọ, wọn kò padà wá mọ́.

Ẹbí ló gbà á sílẹ̀, ìgboyà tirẹ̀ sì ló pe ẹbí. Mo máa ń ronú nípa àwọn tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó lè dé.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí fóònù mi dún lálẹ́ ọjọ́ kan. Àlẹ́ẹ̀tì ni. Ẹgbẹ̀rún náírà kan ló wọlé láti inú àpò owó tó wà ní orúkọ Àǹtí, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ránṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré síbẹ̀: "Owó páàdì."